Ilé-Ìwé Ìgbèríko Láyé Ìjọba Òyìnbó: Àwọn Ìbéèrè Tó Ń Wá Lemọ́lemọ́

Àwọn tó ń kọ ìtàn ìlú wọn, àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́-jáde àti àwọn tó ń tọpasẹ̀ bàbá bàbá wọn ló sábà máa ń bi wá ní àwọn ìbéèrè yìí. Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà là ń sọ, láti ìgbà tí àwọn míṣọ́nnárì dé títí di 1960. Abúlé àti ìlú kéékèèké ló jẹ wá lógún; ti Èkó yàtọ̀.

Ta ló ń dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní abúlé nígbà náà? Ṣé ìjọba ni?

Ìjọ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Badagry ni ilé-ìwé àkọ́kọ́ irú èyí ti bẹ̀rẹ̀, ní 1843, lọ́wọ́ àwọn Mẹ́tọ́díìsì. Lẹ́yìn náà ni C.M.S. (àwọn míṣọ́nnárì Áńgílíkà), Bàtíìsì àti Àgùdà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ilẹ̀ lọ, ibi tí ìjọ bá sì dé ni ìwé máa ń bá a dé. Ní Èkìtì, kì í ṣe òyìnbó ló kọ́kọ́ gbé e wọlé. Àwọn ọmọ Èkìtì tí ogun kó lẹ́rú, tí wọ́n di onígbàgbọ́ níbi tí wọ́n wà, ni wọ́n gbé e bọ̀ nígbà tí wọ́n padà wálé. Babamuboni ti Adó wà lára wọn.

Ìjọba òyìnbó fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ kọ́ ilé-ìwé sí ìgbèríko. Ó ń ṣe òfin, ó ń rán ènìyàn wá wò, ó sì ń fi owó díẹ̀ ran àwọn tó bá tẹ̀lé òfin lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń wá ojú ìjọba ní ilé-ìwé abúlé kan ní 1920, inú fáìlì ló ti máa bá a.

Kí ni N.A., L.A., D.C., R.C.M. àti A.U.D. tó wà lára orúkọ ilé-ìwé títí di òní?

Ẹni tó ni ilé-ìwé ni wọ́n ń tọ́ka sí. R.C.M. ni ti ìjọ Àgùdà, A.U.D. ni ti ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen, N.U.D. ni ti Nawair-Ud-Deen. Orúkọ ẹni mímọ́ bíi St. Peter's tàbí St. Paul's sábà máa ń jẹ́ ti Áńgílíkà, ṣùgbọ́n àwọn Àgùdà náà ń lò ó, nítorí náà ẹ má fi orúkọ nìkan dájọ́.

N.A. ni Native Authority, ìyẹn ìjọba ọba àti ìjòyè lábẹ́ ajẹ́lẹ̀. Nígbà tí òfin ìjọba ìbílẹ̀ 1952 gbé ìgbìmọ̀ tí ará ìlú dìbò yàn dìde, àwọn ilé-ìwé wọ̀nyẹn di L.A., Local Authority, tàbí D.C., District Council. Bí ẹ bá rí D.C. lórí pátákó, ẹ lè fura sí àwọn ọdún 1950, àmọ́ ẹ bi àwọn àgbà bóyá N.A. ni tẹ́lẹ̀.

Báwo ni kíláàsì ṣe tò? Kí ni Ìwé Mẹ́fà?

Ọmọ á kọ́kọ́ lo ọdún méjì ní jẹ́lé-ó-sinmi, lẹ́yìn náà ni Standard One títí dé Standard Six. Ọdún mẹ́jọ ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá yege ní Standard Six ni wọ́n ń sọ pé ó ka Ìwé Mẹ́fà, ó sì lè ṣe akọ̀wé kóòtù, akọ̀wé ilé ìtajà òyìnbó tàbí tíṣà. Láti 1955 ni ó ti di ọdún mẹ́fà. Ìwé Mẹ́fà bàbá àgbà yín àti ti ọmọ rẹ̀ lè má jẹ́ ọ̀kan náà.

Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé abúlé kò sì dé Standard Six rárá. Òmíràn parí sí Standard Two, òmíràn sí Four, ọmọ tó bá fẹ́ tẹ̀síwájú á sì lọ máa gbé lọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí tàbí lọ́dọ̀ tíṣà ní ìlú tó ní Central School. Ibi tí Christ's School, Adó-Èkìtì, ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: Ekiti Central School ni nígbà tí Archdeacon Henry Dallimore dá a sílẹ̀ ní 1933.

Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n ń gbà?

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá kan etí ni. Wọ́n á ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá kó fi kan etí òsì. Bí kò bá kàn án, kó padà sílé di ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ òbí kò kọ ọjọ́ ìbí ọmọ sílẹ̀, wọ́n mọ̀ pé ọdún tí ọba kan wàjà ni wọ́n bí i, tàbí ọdún tí eṣú jẹ oko. Ọ̀gá ilé-ìwé á fojú díwọ̀n ọmọ náà, á sì kọ ọdún kan sílẹ̀.

Ta ló kọ́ ilé náà?

Ará abúlé. Ẹ jẹ́ kí a sọ èyí yanjú, nítorí ìwé ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún máa ń kún fún fọ́tò àwọn bíṣọ́ọ̀bù, kì í sì í sí orúkọ àwọn tó po amọ̀ níbẹ̀. Baálẹ̀ ló ń fún wọn nílẹ̀, àwọn ọkùnrin á pín ara wọn ní ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, wọ́n á po amọ̀, wọ́n á mọ ògiri, wọ́n á sì fi koríko tàbí ewé gbọ́dọ̀gí bo orí rẹ̀. Àwọn obìnrin ló ń pọn omi tí wọ́n fi ń po amọ̀. Nígbà tí kòkó bá ta dáadáa ni páànù máa ń dé.

Ní ibi púpọ̀, kò sí ilé-ìwé lọ́tọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ọjọ́ Àìkú ni ilé-ìwé ọjọ́ Ajé, gbogbo kíláàsì á sì wà nínú gbọ̀ngàn kan ṣoṣo. Standard One ń ké ìsọdipúpọ̀ ní igun kan, jẹ́lé-ó-sinmi ń ké a-b-d ní igun kejì, tíṣà méjì ló sì wà láàárín wọn. Àwọn ọmọ ló ń gbá ilẹ̀, àwọn ló ń gé koríko àyíká, àwọn náà ló sì ń pọn omi sílé tíṣà.

Ta ni mánéjà, ta ni súpáfáísọ̀, ta sì ni ìńsípẹ́kítọ̀? Ṣé ènìyàn kan náà ni wọ́n?

Rárá o. Mánéjà ni ẹni tí ìjọ yàn láti mójú tó àwọn ilé-ìwé rẹ̀ ní àgbègbè kan, pásítọ̀ tàbí fadá ni lọ́pọ̀ ìgbà. Òun ló ń gba tíṣà síṣẹ́, òun ló ń san owó oṣù, òun náà ló sì ń dáhùn ìwé ìjọba. Súpáfáísọ̀ ń ti ilé-ìwé dé ilé-ìwé láti tọ́ àwọn tíṣà sọ́nà. Òfin ẹ̀kọ́ 1926 àti ohun tó tẹ̀lé e ló jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ rinlẹ̀. Ìńsípẹ́kítọ̀ ni ti ìjọba, òun ni wọ́n ń bẹ̀rù, nítorí ohun tó bá kọ sílẹ̀ lè pa owó ìrànwọ́ run.

Wọ́n máa ń gbọ́ pé ó ń bọ̀. Ilé-ìwé á dá ṣáká, ọmọ tó ti pẹ́ lóko á padà wá, aṣọ á mọ́.

Kí ni ìjọba ń wò kó tó fún ilé-ìwé lówó?

Ó yí padà nígbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Lábẹ́ òfin 1887 ti Èkó, bí àwọn ọmọ bá ṣe ṣe sí nínú ìdánwò ni owó ṣe ń wọlé, tíṣà sì ń fi ẹgba kọ́ ọmọ láti há ìwé sórí. Ní 1916, lábẹ́ Lugard tó jẹ́ gómìnà àgbà, wọ́n pín in sí ọ̀nà mẹ́rin: ìdá 30 nínú 100 fún ìwà, ìlànà àti ẹ̀kọ́ ìwà rere; 20 fún iye àti ìmọ̀ àwọn tíṣà; 40 fún ìdánwò àti ìtẹ̀síwájú; 10 fún ilé, irinṣẹ́ àti ìmọ́tótó.

Òfin 1926 wá gbé e kọjá owó. Ẹnikẹ́ni kò lè ṣí ilé-ìwé mọ́ láìgba àṣẹ, tíṣà sì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé abúlé di ohun tí a ń pè ní aláìgbowó: wọ́n ṣì ń kọ́ni, ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ ìjọba kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Lójú àwa tó ń ka fáìlì wọ̀nyí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi pé ẹ̀bẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń bẹ: ẹ kọ orúkọ wa mọ́ àwọn tí ẹ ń ràn lọ́wọ́.

Ṣé wọ́n ń san owó ilé-ìwé? Níbo ni ìyókù owó ti ń wá?

Wọ́n ń san án, kíláàsì òkè sì wọ́n ju ìsàlẹ̀ lọ. Òbí sábà máa ń san án lẹ́yìn ìkórè, nígbà tí kòkó bá ti wọ ọwọ́ oníbàárà. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò bá tíì san, wọ́n á lé e wálé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, èyí tó wà nínú ìtàn gbogbo àgbàlagbà tí ẹ bá bi. Lẹ́yìn owó ilé-ìwé ni owó ìjọ wà, owó ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi, àti èyí tí Baálẹ̀ bá ní kí gbogbo ilé dá.

Lẹ́yìn ìwádìí tí Sydney Phillipson, òṣìṣẹ́ ìjọba, ṣe lórí owó ìrànwọ́ ni òfin 1948 wá fi ìlànà tuntun lélẹ̀. Ìjọba á ṣírò owó oṣù àwọn tíṣà ilé-ìwé kan àti ìnáwó tó tọ́, á wá yọ iye kan kúrò nínú rẹ̀ tí ó gbà pé ará ìlú gbọ́dọ̀ dá, á sì san ìyókù. Lórí ìwé, ó mọ́gbọ́n dání. Ní abúlé, wàhálà ibẹ̀ ni pé ìjọba ti yọ owó ará ìlú kí ará ìlú tó dá a. Bí kòkó kò bá ta lọ́dún yẹn, ọrùn mánéjà ni àìtó náà wà, láti ọrùn mánéjà ló sì ń bọ́ sí ọrùn tíṣà.

Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930 ni wọ́n ń rántí. Owó kòkó já wálẹ̀, ìjọba gé owó ìrànwọ́, wọ́n sì gé owó oṣù tíṣà. Ẹgbẹ́ àwọn tíṣà Nàìjíríà, N.U.T., bẹ̀rẹ̀ ní July 1931 pẹ̀lú I. O. Ransome-Kuti gẹ́gẹ́ bí ààrẹ àkọ́kọ́.

Báwo ni ènìyàn ṣe ń di tíṣà?

Ọ̀nà àkọ́kọ́ kò gùn. Ọmọ tó bá ka Ìwé Mẹ́fà dáadáa, ọ̀gá rẹ̀ á dá a dúró gẹ́gẹ́ bí tíṣà kékeré, á máa kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ní òwúrọ̀, á sì máa ka ìwé tirẹ̀ lálẹ́. Bí ìjọ bá rí i pé ó wúlò, wọ́n á rán an lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. St. Andrew's, Ọ̀yọ́, tó dé ibẹ̀ ní 1896, ni ti C.M.S.; Wesley College, Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1905, ni ti Mẹ́tọ́díìsì. Nígbà tó yá ni Grade Three àti Grade Two dé, tí ènìyàn ń fi ọdún méjì méjì gba ìwé ẹ̀rí wọn.

Iṣẹ́ tíṣà abúlé kò mọ sí kíláàsì. Òun ni kátíkísì, òun ló ń darí orin, òun ló ń wàásù bí pásítọ̀ kò bá ráyè, òun ló ń kọ lẹ́tà fún gbogbo abúlé, òun náà ló sì ń ka èsì rẹ̀ fún wọn. Nítorí náà, kò sí àṣírí ìlú tó pamọ́ fún un. Ìjọ sì lè ṣí i nípò lọ sí ìlú mìíràn nígbàkigbà, èyí tó jẹ́ kí ọmọ tíṣà kan náà lè máa ní orísìí ẹ̀ka èdè mẹ́ta lẹ́nu.

Ṣé òótọ́ ni pé Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ́ni, tàbí wọ́n ń na ọmọ tó bá sọ Yorùbá?

Méjèèjì ni òótọ́, kíláàsì ló yàtọ̀. Ní jẹ́lé-ó-sinmi àti kíláàsì ìsàlẹ̀, Yorùbá ni. Ìjọ fẹ́ kí ọmọ tètè ka Bíbélì, ìjọba náà sì sọ nínú ìlànà ẹ̀kọ́ 1925 fún ilẹ̀ Áfíríkà pé kí wọ́n lo èdè abínibí. Bí ọmọ bá ti gòkè, Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ Yorùbá, àwọn ọ̀gá kan sì ń fìyà jẹ ọmọ tó bá sọ Yorùbá nínú ọgbà. Àwọn òbí kò bá wọn jà lórí èyí. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n rán ọmọ lọ kọ́.

Kí ló dé tí wọ́n ń kó ọmọ lọ sí oko ilé-ìwé?

Ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes láti Amẹ́ríkà tó yí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ká ní 1920 sí 1921, tí James Aggrey ti Gold Coast (Ghana òní) wà nínú rẹ̀, ló sọ pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fún ọmọ adúláwọ̀ kò bá ayé rẹ̀ mu, pé kí wọ́n fi iṣẹ́ oko, ìmọ́tótó àti iṣẹ́ ọwọ́ kún un. Ìjọba gbà á. Ọgbà ilé-ìwé wá di ohun tí ìńsípẹ́kítọ̀ ń lọ wò.

Àwọn òbí kò fẹ́ràn rẹ̀, ọ̀pọ̀ òyìnbó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìgbéraga ló fà á tí wọn kò fi fẹ́ iṣẹ́ oko. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ tó ní oko kòkó kò nílò tíṣà tí yóò kọ́ ọmọ rẹ̀ ní bí a ti ń kọ ebè. Iṣẹ́ tó ń mówó oṣù wá ní ìjọba àti ní ilé ìtajà, iṣẹ́ kálámù ni, ìjọba kan náà ló sì ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ tún bi àwọn àgbà pé inú ìkòkò ta ni iṣu oko ilé-ìwé máa ń wọ̀.

Kí ni àwọn Mùsùlùmí ń ṣe?

Púpọ̀ nínú wọn kò fi ọmọ wọn sí i ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì nídìí. Ọmọ tó bá wọ ilé-ìwé ìjọ á máa kọ́ kátíkísìmù, àwọn mìíràn sì jáde pẹ̀lú orúkọ ìrìbọmi. Ìjọba ṣí ilé-ìwé fún àwọn Mùsùlùmí ní Èkó ní 1896, ó sì ṣí irú rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ àti Badagry, ṣùgbọ́n kò dé àárín ilẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ló wá yanjú ọ̀rọ̀ náà fúnra wọn. Ansar-Ud-Deen bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1923, Nawair-Ud-Deen bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1939, ẹ̀ka wọn sì ń dé ìgbèríko pẹ̀lú ilé-ìwé.

Àwọn ọmọbìnrin ńkọ́?

Wọ́n wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀. Nígbà tí Hinderer, míṣọ́nnárì C.M.S., àti ìyàwó rẹ̀ dé Ìbàdàn ní 1853, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Yéjídé wà lára àwọn ọmọ àkọ́kọ́ tí ìjòyè fi sí ọ̀dọ̀ wọn. Orúkọ rẹ̀ ni ilé-ìwé girama Yejide ń jẹ́. Ní abúlé, ìyá nílò ọmọbìnrin fún ọjà àti àbúrò gbígbé, bí owó kò bá sì tó ọmọ méjì, ọkùnrin ni wọ́n ń rán. Àwọn tó bá sì wọ̀ ọ́ kì í sábà kọjá Standard Three tàbí Four.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní 1955?

Ní January 17, 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Awólọ́wọ̀ fagi lé owó ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. S. O. Awokoya tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ti gbé àbá náà síwájú ilé ìgbìmọ̀ láti 1952. Láàárín ọdún kan, àwọn ọmọ tó wà ní ilé-ìwé láti nǹkan bí 457,000 kọjá 800,000, àwọn tó sì wọ kíláàsì kìíní ju ìlọ́po méjì iye tí ìjọba ń retí lọ.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló jó sí i. Ìjọba ti kọ́kọ́ fi ṣílè mẹ́wàá àti sísì lé owó orí ẹnì kọ̀ọ̀kan nítorí ẹ̀kọ́ àti ìlera, àwọn àgbẹ̀ sì bínú. Nínú ìbò àpapọ̀ 1954, N.C.N.C., ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ta ko ti Awólọ́wọ̀, ló gba àga jù ní Ìwọ̀-Oòrùn fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé ìlú gbogbo ló ń pariwo ayọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kò sọ tán.

Ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ló ba ẹ̀kọ́ jẹ́?

Ìbéèrè yìí máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ohun tó dájú nìyí: wọ́n gé ọdún mẹ́jọ sí mẹ́fà, kíláàsì kún àkúnya, àwọn tíṣà tí kò gba ẹ̀kọ́ṣẹ́ sì pọ̀ ju àwọn tó gbà á lọ ní ìgbèríko. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Bánjọ tó yẹ ètò ẹ̀kọ́ Ìwọ̀-Oòrùn wò jábọ̀ ní 1961, ohun tí wọ́n tẹnu mọ́ ni àìtó ẹ̀kọ́ṣẹ́ tíṣà. Ìyẹn gidi ni.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí wọ́n ń fi wéra. Ìwé Mẹ́fà ọdún 1940 jẹ́ ti àwọn díẹ̀ tó la asẹ́ owó ilé-ìwé kọjá, tí gbogbo ọmọ tí kò lówó ti jábọ́ lọ́nà. Ọmọ 1955 ni gbogbo ọmọ, títí kan ọmọ ẹni tí kì bá tí ní Standard One láé. Tí ẹ bá fi gbogbo ọmọ abúlé ọdún 1940 wé gbogbo ọmọ abúlé ọdún 1960, ẹ̀yin náà á rí i pé ìdáhùn yí padà. Ibi tí mo bá ìjọba wí ni pé wọn kò dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tíṣà tó pọ̀ tó sílẹ̀ ṣáájú.

Ta ló ni ilẹ̀ ilé-ìwé: ìjọ, ìjọba tàbí ìdílé?

Ẹjọ́ púpọ̀ ló wà lórí èyí. Lọ́pọ̀ ibi, ìdílé kan tàbí Baálẹ̀ ló fún ìjọ nílẹ̀ láìkọ ìwé, pẹ̀lú obì àti ẹlẹ́rìí. Ní ojú wọn, ilé-ìwé ni wọ́n fún, kì í ṣe ìjọ. Ìjọ gbà pé òun ni wọ́n fún. Nígbà tí ìjọba gba àwọn ilé-ìwé lọ́wọ́ ìjọ ní àwọn ọdún 1970, ọ̀rọ̀ náà di ọlọ́nà mẹ́ta, òfin ilẹ̀ 1978 sì tún fi tirẹ̀ kún un. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti dá àwọn ilé-ìwé kan padà fún ìjọ láti ìgbà náà.

Bí ẹ bá wà nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ wá ìwé tí mánéjà kọ sí ìjọba láti tọrọ àṣẹ ṣíṣí ilé-ìwé. Ó sábà máa ń sọ ẹni tó fún wọn nílẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń ronú ẹjọ́ nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́.

Mo fẹ́ rí orúkọ bàbá àgbà mi nínú ìwé. Níbo ni kí n wá?

Ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ọ̀gá ilé-ìwé gbọ́dọ̀ ní ìwé ìgbàwọlé, rẹ́jísítà, ìwé àlejò, ìwé ìjìyà àti ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ tí wọ́n ń pè ní logbook. Nínú logbook ni ẹ ti máa rí ọjọ́ tí ìgbóná dé, tí òjò ṣí òrùlé, tí ìńsípẹ́kítọ̀ wá. Ikán ti jẹ púpọ̀ nínú wọn, ẹ má retí pé gbogbo rẹ̀ wà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ sí National Archives tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Àwọn fáìlì ajẹ́lẹ̀ wà níbẹ̀ lábẹ́ orúkọ àgbègbè: Oyo Prof, Ondo Prof, Ije Prof, Ekiti Div. Ìwé C.M.S. náà wà níbẹ̀. Ẹ mú orúkọ abúlé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nígbà náà lọ, nítorí òyìnbó kọ ọ́ bí etí rẹ̀ ṣe gbọ́ ọ. Ẹ má wá ọjọ́ ìbí nínú rẹ̀; ẹ rántí ọwọ́ tó kan etí. Ìwé ìrìbọmi ìjọ tí bàbá àgbà yín ti ń jọ́sìn lè wúlò ju rẹ́jísítà lọ, pàápàá bí orúkọ ìrìbọmi rẹ̀ bá yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń pè é nílé.